Ẹ̀dà Ni Mọ́tò, Ẹ̀dà Kọ́ Ni Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn ún gbọ́. Nínú ọgbà wa yìí, bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ tí áńbíréèkì ń ṣe nínú mọ́tò, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ rín. Wọ́n á ní ẹni tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ló ń lò ó. Wọ́n á ní béèyàn bá ti mọ mọ́tò wà, jíà nìkan ti tó. Wọ́n á ní kí wá ni òkúta wà fún? Nígbà tí mo sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa pé ọ̀rọ̀ ọ̀pá áńbíréèkì ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé yìí, ẹnì kan bi mí pé ṣé ìtàn ti tán láyé ni. Mo ní ìtàn ò tán, àwọn tí ì bá sọ ọ́ ló ń tán lọ lójú títì. Ẹ̀rín dá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Nǹkan tí a lè sín jẹ wà, nǹkan tí a ò lè sín jẹ náà sì wà. A lè sín ìrísí mọ́tò jẹ. A lè sín ọ̀dà rẹ̀ jẹ, àti ìjókòó rẹ̀, àti fèrè rẹ̀. Bíréèkì ni a ò lè sín jẹ. Bíréèkì tí kò bá mú, ẹ má pè é ní ẹ̀dà bíréèkì, irọ́ ni ẹ pè é. Torí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mọ́tò dúró sí kì í ṣe ẹ̀dà. Òkè ò mọ mọ́tò àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun, kò mọ ojúlówó yàtọ̀ sí àfarawé. Ohun tí kò bá ti ní ìdè, yóò fà á wálẹ̀ ni.

Kọ́rọ̀ mi lè yé wa, mọ́tò kan tí ọ̀pọ̀ wa ò rí rí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Gazelle ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Florida, Classic Motor Carriages, ló tà á nígbà ayé rẹ̀, bí ẹni ń ta aṣọ tí wọn ò tíì rán. Wọ́n á kó ara mọ́tò tí wọ́n fi fáíbà ṣe fún ẹni tó bá rà á, onítọ̀hún á wá fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sórí ṣáásíì mọ́tò mìíràn. Wọ́n ṣe é kó jọ Mercedes-Benz SSK, mọ́tò eré-ìje tí àwọn ará Jámánì ṣe láàárín 1928 sí 1932. SSK gan-an tí wọ́n ṣe kò pé 40. Orí rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko, torí pé ẹ́ńjìnnì ńlá líta 7 tó ní sílíńdà 6 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ojúlówó rẹ̀ lónìí, owó rẹ̀ ní láti ti bímọ, kí ọmọ owó náà sì ti bímọ.

Orí kí wá ni wọ́n ń to ẹ̀dà náà sí? Àwọn kan lo ṣáásíì Ford. Ti ẹ̀gbọ́n mi, orí Volkswagen Beetle ló jókòó sí, mọ́tò tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn. Ọkùnrin kan náà, Ferdinand Porsche, ló wà nídìí SSK, òun náà ló sì wà nídìí Ìjàpá. Ọ̀kan jẹ́ ti ọlọ́lá, èkejì jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ọ̀kan ò pé 40. Èkejì jẹ́ 21,529,464 kó tó di pé wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù keje 2003. Ní 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní ilẹ̀ wa níbí nígbà náà, ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry. Ẹni tó bá ti gbé ara SSK lé egungun Ìjàpá, ọmọ bàbá kan náà ló so pọ̀ láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Gazelle yìí wò. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ o! Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ tútù, ẹ̀yìn ló wà tó ń kùn bí agbọ́n. Gbogbo orí gígùn yẹn, ṣàkárà ni. Mi ò bínú sí ṣàkárà o, ẹ gbọ́ mi yé. Gèlè náà ò ní ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ ó ń wu ojú. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú mọ́tò tí nǹkan púpọ̀ ti jẹ́ àfarawé báyìí, ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti lè rí ibi tí àfarawé gbọ́dọ̀ dúró sí. Ó dúró sí ìdí ọ̀pá áńbíréèkì.

Ẹni mẹ́ta ni mo pè lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

ẸNI ÀKỌ́KỌ́: ẸNI TÓ Ń PÈ É NÍ ÒFÉGÈ

Ẹni yìí ni ọ̀mọ̀ràn tó máa ń sọ pé, "Òfégè ni mọ́tò yẹn, kí lẹ ń tún un ṣe sí? Ẹ wá ohunkóhun há a." Mo mọ ohùn wọn. Irú wọn wà láàárín àwa tó ń kọ̀wé náà. Bí ọmọdé bá kọ ewì tó jọ ti àgbà, wọ́n á ní kó lọ sùn, wọn ò ní wò ó bóyá ewì ọ̀hún dá dúró fúnra rẹ̀.

Èsì mi rèé. Ẹni tó bá ta Gazelle, tó ní SSK ni, olè ni. Ẹni tó bá wà á kiri, tó sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀dà ni, kò tan ẹnì kankan jẹ. Àmọ́ ẹ̀dà tí ń rìn lójú títì, mọ́tò ni. Irin wà lábẹ́ rẹ̀, epo ń jó nínú rẹ̀, ó lè pa èèyàn. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tí ẹ̀dà mọ́tò bá pa, ẹ̀dà òkú ni? Ẹ̀tọ́ tí ojúlówó ní sí bíréèkì tó mú, òun náà ni àfarawé ní. Mo tilẹ̀ fẹ́ sọ pé ti àfarawé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúlówó, àwọn ọ̀mọ̀wé ló tò ó, wọ́n dán an wò kó tó kúrò nílé-iṣẹ́. Àfarawé bíi Gazelle, nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ẹni tó rà á ti fi sípánà tò ó. Ta ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò? Òun nìkan ni. Bí òun náà bá wá ní kò sí wàhálà, wàhálà ti dé nìyẹn.

ẸNI KEJÌ: ONÍṢÀKÁRÀ

Ẹjọ́ ẹni yìí gùn, ẹ fara balẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi wà lórí òkè, ọ̀nà tó wọ inú ọgbà rẹ̀ sì dà bí àkàbà. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá fa áńbíréèkì mọ́tò náà, á dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí òun bá ti gbọ́wọ́ kúrò, ọ̀pá náà á rọra wálẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń tòògbé. Ó pe Ìbàdàn. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, mẹkáníìkì ni ní Mọ́kọ́lá. Orí Ìjàpá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí Ìjàpá ṣì pọ̀ nígboro bí esú. Ìsinmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn; èmi ni mo di fóònù mú kí wọ́n lè máa wo àwòrán tó ń rìn lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti rí ọ̀pá kan tó rẹwà, ó ń dán, orí rẹ̀ dà bí ọ̀pá àṣẹ. Ó kúrú, ó máa bá mọ́tò mu."

Bàbá Kékeré wo àwòrán náà títí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí wọ́n máa wò lo fẹ́ rà ni, àbí ohun tó máa mú mọ́tò dúró?"

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣàlàyé, torí pé òun ni gbogbo àríyànjiyàn mi dúró lé. Nínú Ìjàpá, àárín àga iwájú méjèèjì ni ọ̀pá áńbíréèkì wà. Kébù méjì ló so mọ́ ìdí rẹ̀. Wọ́n gba inú egungun àárín mọ́tò kọjá lọ sẹ́yìn, ọ̀kan sí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, ọ̀kan sí tòsì. Bí o bá fa ọ̀pá, kébù á fà. Bí kébù bá fà, ṣúù inú dúrọ́ọ̀mù á ṣí, á fún dúrọ́ọ̀mù pinpin. Kí ọwọ́ rẹ má baà máa di ọ̀pá mú títí di àárọ̀, irin eléyín kan wà ní ìdí ọ̀pá, ìkọ́ kékeré kan sì ń há sí eyín náà. Bótìnì tó wà lórí ọ̀pá ló ń yọ ìkọ́ náà nígbà tí o bá fẹ́ lọ. Eyín yìí ló ti jẹ tán nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Eyín ò sí lẹ́nu mọ́, ó wá ń gbìyànjú láti jẹ egungun.

Ǹjẹ́ ọ̀pá tó kúrú tó sì ń dán burú? Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá fi ọ̀pá gígùn hú òkúta mọ ìdí tí kò fi fi ọ̀pá kúkúrú hú u. Bí ọ̀pá bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ kébù ń dín kù tó. Ọwọ́ ọkùnrin tó lágbára lè fà á débi tó yẹ. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ńkọ́? Ti ìyá rẹ̀ arúgbó ńkọ́?

Ó tún wá ku ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí kò bá lo kúkúrú yẹn, òun á wá irú èyí tó wà lára mọ́tò eré-ìje àtijọ́, kó lè jọ ti ayé ọjọ́un dáadáa. Irú rẹ̀ wà lára MG TC, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe láàárín 1945 sí 1949. Ti irú ọ̀pá yẹn, ìdàkejì ni. Nínú mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, bótìnì ló ń tú áńbíréèkì sílẹ̀. Nínú ti wọn, bótìnì ló ń tì í! Bí o bá fà á tí o ò tẹ bótìnì, kò há; bí o bá fi í sílẹ̀, á padà sí ibi tó wà. Bó bá sì ti há, bí o bá tún fà á díẹ̀, tí o jọ̀wọ́ rẹ̀, á fò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí awakọ̀ eré-ìje lè gbéra kíá. Ọgbọ́n ni, mi ò jiyàn.

Àmọ́ ọgbọ́n ta ni? Ti ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ èèyàn ní ìrántí tirẹ̀. Ọwọ́ aládùúgbò tó bá bá a sún mọ́tò náà sẹ́yìn, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò, wọ́n á fa ọ̀pá bí wọ́n ṣe ń fà á níbòmíràn, wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pá náà á ti purọ́ fún wọn. Mọ́tò á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn lọ sísàlẹ̀ òkè. Ẹni tó bá fẹ́ irú ọ̀pá yìí, tó ń lò ó fún ara rẹ̀ nìkan, tó sì ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, kó lò ó. Ẹni tó kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn ya fọ́tò, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ṣe oge.

Ọ̀pá Ìjàpá gan-an ni Bàbá Kékeré ní kó rà, tuntun, pẹ̀lú eyín rẹ̀ àti ìkọ́ rẹ̀. Mo kọ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é sílẹ̀, nítorí ẹ̀yin tí Ìjàpá ṣì wà nílé bàbá yín.

Wọ́n ní: gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, má dán an wò lórí òkè. Fi igi há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Tú rọ́bà tó bo ìdí ọ̀pá. Wàá rí orí kébù méjèèjì tí wọ́n ní òrùka bíi ti bóòtì, nọ́ọ̀tì méjì méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún títẹ́ kébù, èkejì láti tì í pa kó má baà tú. Tú wọn, yọ kébù. Píìnì kan ló gba ìdí ọ̀pá kọjá, irin tínínrín kan ló ń ti píìnì náà. Yọ irin yẹn, ti píìnì jáde, kí o sì rọra gbé ọ̀pá. Bí o bá ti ń gbé e, má tẹ bótìnì orí rẹ̀ o! Bí o bá tẹ̀ ẹ́, irin eléyín á já bọ́, wàá sì fi ìyókù ọjọ́ náà wá a lábẹ́ àga.

Wọ́n ní: fi gíríìsì ra píìnì kí o tó dá a padà. Irin tínínrín tí o yọ yẹn, má dá ti àtijọ́ padà bó bá ti rọ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀. Fọwọ́ ra kébù láti orí dé ibi tí ọwọ́ bá lè dé. Bí òwú irin rẹ̀ bá ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí tó ti dípẹtà, pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá tuntun lórí kébù tó ń já, fìlà tuntun lórí egbò ni.

Wọ́n tún ní: má kọ́kọ́ tẹ́ kébù. Lọ sí ẹ̀yìn, fi jáàkì gbé e, kí o tún ṣúù inú dúrọ́ọ̀mù ṣe kí ó sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó ṣe yẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó padà wá sí orí kébù. Mẹkáníìkì ọ̀lẹ ló ń fi kébù bo àṣìṣe ṣúù. Bí o bá fa ọ̀pá dé eyín kejì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti máa ṣòro ún fọwọ́ yí, ìṣòro náà sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí o bá fà á dé eyín kẹrin, kí ọ̀kankan má yí mọ́. Bí ọ̀tún bá mú tí òsì ò mú, iṣẹ́ ò tíì tán.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Owó rẹ̀ ò sún mọ́ owó ọ̀dà tí ẹ̀gbọ́n mi fi kun ara mọ́tò náà. Nígbà tó gbé e padà sórí òkè ilé rẹ̀, ó fa ọ̀pá, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò ò mira. Ọ̀pá dúdú aláìdán tí kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò rẹ̀ ló mú àfarawé SSK dúró. Ìwà lẹwà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ìwà mọ́tò ni bíréèkì rẹ̀.

ẸNI KẸTA: OLÓKÚTA

Ẹ jẹ́ ká wá padà wálé. Èyí tí mo sọ títí dé ibí yìí, ẹ lè ní ti Amẹ́ríkà ni, ti olówó tó ń fi mọ́tò ṣeré. Ó dáa. Ẹni kẹta tí mo pè lẹ́jọ́, ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà, àwa gan-an la sì ń sanwó fún un. Òun ni dírẹ́bà tí kọ̀ńdọ́ rẹ̀ máa ń gbé òkúta tàbí igi sáré bọ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró, tó sì ń pariwo, "Ó wọlé! Ó wọlé!" Àfarawé áńbíréèkì ni òkúta yẹn. Àwa ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n á ní jíà ń dì í mú. Jíà ń ṣèrànwọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára tó ń mú mọ́tò tí wọ́n fi sí jíà dúró, inú ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá, láti ara atẹ́gùn tó há sínú sílíńdà. Ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀, tó ń mu ọ́ìlì bí ẹmu, atẹ́gùn wo ló fẹ́ há mọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni táyà á máa yí lábẹ́ ẹrù.

Wọ́n á ní bíréèkì ẹsẹ̀ wà. Ó wà, àmọ́ ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ sì ń bá ẹni tó ni ín sọ̀ kalẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, omi ló ń gbé agbára bíréèkì ẹsẹ̀ dé ìdí táyà. Bí omi bá jò tán, tí pẹ́dà bá wọlẹ̀, kí ló kù? Áńbíréèkì tó ní kébù tirẹ̀ ló kù. Ọ̀nà kejì ni. Ẹni tó bá wá yọ kébù náà jù nù torí pé ó ń dún, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé tó ń jó ló fi ìṣó kàn pa.

Ẹ̀yin tó wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé-ìbùsùn wa lọ́jọ́ òjò yẹn, ẹ rántí. Bọ́ọ̀sì dúró, dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀ lọ wá ṣéńjì, kọ̀ńdọ́ ti òkúta sábẹ́ táyà. Ọ̀dà títì tutù, òkúta yọ̀. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, èrò inú rẹ̀ ń pariwo, ó kọ lu tábìlì ìyá alákàrà kó tó wọ inú kòtò àgbàrá. Ìyá náà ti lọ pọnmi ni. Bí kò bá jẹ́ omi, ẹ̀bá tábìlì yẹn ni ì bá wà. Àkàrà fọ́n ká sínú ẹrẹ̀, òróró gbígbóná tú dà sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ya fọ́tò. Gbogbo èèyàn ní, "Ọlọ́run ló yọ ọ́." Àmín. Ṣùgbọ́n ta ló rán bọ́ọ̀sì sí i? Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ayé kọ́, kébù tó já ni. Mo lọ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì náà nígbà tí wọ́n fa á jáde: kébù méjèèjì ń fì dirodiro, wọ́n ti dípẹtà ní ibi tí wọ́n ti já. Kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n já. Ọdún ti gorí ọdún.

Kò sẹ́ni tó san owó àkàrà ìyá náà títí di òní.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ: owó dà? Epo ti wọ́n, owó orí òpópónà pọ̀, dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ò tíì jẹun. Mo gbọ́. Mi ò bá dírẹ́bà nìkan jà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wa mọ́tò tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ni mọ́tò, tó ń gba owó tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, tó sì ń kun ara bọ́ọ̀sì, tó ń kọ "Adédoyin" tàbí "Ọlọ́run Tóbi" sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà oríṣiríṣi, ṣé òun náà ò lówó kébù? Owó fèrè tó ń kọrin bí ògòǹgò yẹn, ibo ló ti wá? Oníṣàkárà Atlanta àti oníbọ́ọ̀sì ilé wa, ìbejì ni wọ́n. Ohun tí ojú ń rí ni wọ́n ń náwó lé. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ràn nígbà tí wọ́n bá a wí. Ti ilé wa ò tíì gbọ́.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí á ní kí ló kan òǹkọ̀wé nínú èyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Wọlé Ṣóyínká kọ eré oníṣe The Road lé lórí ní 1965? Ta ló wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977? Ta sì ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988? Òǹkọ̀wé kan náà ni. Kò dúró sórí àga kó máa kọ orin arò fún àwọn tí ọ̀nà jẹ, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Àwa tó ń kọ ewì fún òkú ní oṣooṣù, ẹ jẹ́ ká kọ ìwé kan fún alààyè lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo ń bèèrè fún rèé. Kí àwọn aṣojú wa nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso gáréèjì inú ọgbà. Kí wọ́n ní kí gbogbo bọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé-ìbùsùn láìsí èrò nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìn. Kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ ọ́ nínú jíà, kó fa áńbíréèkì, kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà díẹ̀díẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró, kó gbé èrò. Bí kò bá dúró, kó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò gba ẹ̀rọ kankan, kò gba ìwé ẹ̀rí, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá alákàrà náà, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un.

Ní tiwa, kó tó di pé wọ́n ṣe ìyẹn, ẹnu wa ò di. Bí ẹ bá rí òkúta lẹ́sẹ̀ kọ̀ńdọ́, ẹ bi í léèrè pé áńbíréèkì dà. Bó bá ní kò sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba owó yín padà. Wọ́n á bú yín, wọ́n á ní ẹ ti pọ̀ jù, wọ́n á ní ṣé bàbá yín ló ni mọ́tò ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín. Èébú kì í fẹ̀yìn rìn pa èèyàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì la wà yìí o, ìtìjú ńlá gbáà ni pé òkúta ni bíréèkì wa.